Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Nípa Ikún àti Òtútù

Ilé Àlàájì kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ káfíńtà ni mò ń gbé ní Ọ̀fà. Yàrá méjì ni mo gbà lọ́wọ́ wọn ní apá ẹ̀yìn, níbi tí ariwo ayùn ti máa ń jí mi lójoojúmọ́. Ìjẹ̀ṣà ni mí. Iṣẹ́ pólì ló gbé mi dé ìlú náà. Mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko àti ewéko, mo sì ń bójú tó láàbù wọn. Ọkọ mi wà ní Òṣogbo nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, òpin oṣù la máa ń ríra. Nítorí náà, Àlàájì àti ìyàwó wọn ni mo fi ṣe ẹbí. Àlàájà ń ta ẹja yìnyín ní iwájú ilé. Fírísà ńlá méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, kò sì sí ọjọ́ tí mo máa tibi iṣẹ́ dé tí wọn kò ní bi mí bóyá mo ti jẹun.

Kí n tó dé Ọ̀fà ni rọpárọsẹ̀ ti pa bàbá mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló dá wọn wólẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wẹ̀, wọn kò sì lo ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohunkóhun tí mo bá rí nípa ọpọlọ. Bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù tó ń wá olè kiri ni mo ṣe ń kà á, lórí fóònù, nínú ọkọ̀, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko tó ń fi ìgbà òtútù sùn pàdé. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń ṣe mí bíi pé bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa ṣáájú, bàbá mi ì bá ṣì wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá má dé etí Àlàájà bí kò bá jẹ́ ti ikún kan tí mo mú wá sílé. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, bí òjò ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo fẹ́ fi ikún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Àgbẹ̀ kan ní Òjòkú, tí àwọn ikún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ̀pà oko rẹ̀ tán, bá mi mú ọ̀kan láàyè. Àlàájì ló kan ilé fún un. Pákó tó ṣẹ́kù lára àga ni wọ́n lò, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí iwájú rẹ̀, wọ́n sì ṣe ilẹ̀kùn kékeré kan sí i tó ń ṣí tó ń tì wẹ́rẹ́ bíi ti ilé èèyàn. Nígbà tí pólì gba ìsinmi, kò sí ẹni tó máa fún ẹranko náà lóúnjẹ ní láàbù, ni mo bá gbé e wálé. Ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ Àlàájì la gbé e sí. Àwọn fúnra wọn ló ń fún un ní ẹ̀pà.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, Àlàájà jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n bi mí pé kí ni odindi tíṣà pólì ń wá lára ikún. Mo sọ fún wọn pé ikún yìí ní ìbátan kan ní ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, á wọnú ihò lọ, á ká jọ bí òṣùká, ara rẹ̀ á sì tutù títí á fi dà bí omi inú fírísà. Ọkàn tó ń sáré lù tẹ́lẹ̀ á wá máa lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣí i fún òun. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ rẹ̀ á kù díẹ̀ kíún. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni, ọpọlọ á ti máa kú. Ṣùgbọ́n bí ìgbà ooru bá dé, ẹranko yìí á gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì, á gbóná, á jáde síta, ọpọlọ rẹ̀ á sì pé. Àwọn okùn tíntìntín tó so apá kan ọpọlọ mọ́ èkejì, tí wọ́n ti rọ nígbà tó ń sùn, á tún yọ bí ewé ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Mo ní àwọn onímọ̀ ń wá ohun tó wà lára rẹ̀ tó ń ṣe èyí, nítorí bí wọ́n bá rí i, ó ṣeé ṣe kí wọ́n lè fi ṣọ́ ọpọlọ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù títí ìtọ́jú á fi dé.

Àlàájà wo ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Bí ẹja ni yẹn o. Òtútù ni kì í jẹ́ kó bàjẹ́."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà," ni mo fi dá wọn lóhùn.

Ìwé ìdánwò wà lórí ẹsẹ̀ mi tí mò ń máàkì, mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Mi ò sọ fún wọn pé ẹranko náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń rẹ iná ara rẹ̀ sílẹ̀ kí òtútù tó wọlé, àti pé ara èèyàn kò mọ ọ̀nà yẹn. Bí òtútù bá bo èèyàn mọ́lẹ̀, ara á máa bá a jà ni: á máa gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ọkàn á sì máa ṣe ségesège. Gbólóhùn méjì péré ni ì bá gbà mí láti ṣàlàyé rẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ètè ń là, eruku bo gbogbo òrùlé, èèyàn kì í rí ìparí àdúgbò láàárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀, mo jí mo bá ikún náà tó ti gan sínú àpótí rẹ̀. Mo fẹ́ gbé e jù nù, ṣùgbọ́n Àlàájà dá mi dúró. Wọ́n ní ṣebí ó ń sùn ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ikún tiwa kì í sun irú oorun bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n ṣáà fi í sílẹ̀. Wọ́n fi àpò bo àpótí náà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí wọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń wò ó látinú nẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ kẹta ó ti ń rùn, wọ́n sì gbà pé kí n lọ sin ín.

"Bóyá òtútù tiwa ni kò tó," ni wọ́n sọ bí mo ṣe ń gbé e lọ.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́, gbogbo wa rẹ́rìn-ín gan-an. Mi ò ronú pé ó yẹ kí n padà sọ́dọ̀ Àlàájà, kí n jókòó tì wọ́n, kí n sọ ohun tó kù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo rí àmì àkọ́kọ́ lára Àlàájì. Wọ́n ń wọn ilẹ̀kùn ilé kan tí wọ́n ń ṣe fún oníbàárà wọn ní Ẹ̀rìn-Ilé. Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó nílẹ̀, wọ́n fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ kí n bá wọn mú un, ohùn tó jáde sì dà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Kò ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹnu wọn ṣí padà, ọwọ́ gbé, wọ́n mú pẹ́ńsù fúnra wọn. Mo mọ ohun tí mo rí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní ọyẹ́ ni, pé ọwọ́ àwọn kàn kú ni. Mo bi wọ́n nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n máa ń lò, wọ́n ní àwọn ti dáwọ́ rẹ̀ dúró látìgbà tí ara àwọn ti yá. Wọ́n ní bí àwọn bá kó ilẹ̀kùn yìí fún onílẹ̀kùn tán, àwọn á lọ. Mo tún fi ẹjọ́ wọn sun Àlàájà, Àlàájà bá wọn sọ ọ́, wọ́n kọ etí ikún sí àwa méjèèjì.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́rin, mo rí wọn tí wọ́n ṣe àlùwàlá tán tí wọ́n ń lọ síbi ẹní ìkírun. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù, wọn kò mọ̀. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ náà lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí wọ́n fi débi ẹní. Nígbà tí wọ́n kírun tán, ẹsẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, wọ́n sì bi mí pé ta ló gbé bàtà àwọn.

Láti ọjọ́ yẹn, ariwo ayùn tí mo máa ń ráhùn sí ni mo wá ń tẹ́tí sí. Bó bá dákẹ́ láàárín, màá dìde, màá yọjú lójú fèrèsé. Mo sọ fún Àlàájà pé bí ẹnu wọn bá wọ́ tàbí tí ọwọ́ wọn bá rọ, kí wọ́n pè mí kíá. Ohun tí mo sọ nìyẹn: kí wọ́n pè mí. Mi ò sọ pé kí wọ́n pe mọ́tò.

Ọjọ́rú kan nínú oṣù kìíní ni. Mò ń ṣọ́ ìdánwò láàbù, fóònù mi wà nínú dúrọ́ọ̀, mo ti pa ohùn rẹ̀. Nígbà tí mo mú un jáde, Àlàájà ti pè mí ní ọ̀pọ̀ ìgbà láti ọ̀sán. Mo pè wọ́n padà. Ohùn wọn balẹ̀, ìbàlẹ̀ ohùn yẹn gan-an ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

"Má jáyà, Tíṣà," ni wọ́n wí. "Ohun tó ò ń bẹ̀rù ti dé, ṣùgbọ́n mo ti dá a dúró."

Mi ò rántí bí mo ṣe dé ilé. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù. Omi ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rùn bí ẹja. Nígbà tí mo wọlé, Àlàájì wà lórí ẹní lórí sìmẹ́ǹtì. Àpò yìnyín yí orí wọn ká, ó wà lọ́rùn, ó wà lábẹ́ abíyá, wọ́n fi ìró tútù bo àyà wọn, fáànù sì ń fẹ́ sí wọn lára. Ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá òsì wọn ń gbọ̀n, apá ọ̀tún sì wà nílẹ̀ bí igi. Ojú wọn là. Wọ́n ń wò mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n ṣe nǹkan kan, wọn kò sì lè sọ ọ́.

Àlàájà wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń fi yìnyín tuntun rọ́pò èyí tó ti yọ́. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ti hunjọ, ó funfun. Àárín ọ̀sán ni nǹkan náà ti kọlù Àlàájì. Agogo mẹ́rin ti lọ nígbà tí mo wọlé.

"Wò ó bí ara wọn ṣe tutù dáadáa," ni wọ́n sọ fún mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó yìnyín náà kúrò. Mo nu ara Àlàájì gbẹ, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì mi bò wọ́n. Mo sáré jáde lọ wá takisí, awakọ̀ náà sì bá wa gbé wọn. Nínú ọkọ̀, orí wọn wà lẹ́sẹ̀ mi, ó wúwo, ó tutù, omi ń kán láti inú irùngbọ̀n wọn. Àlàájà ń wo iwájú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọsibítù.

Dókítà tó wà níbẹ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́. Ó ní kí wọ́n mú ara Àlàájì gbóná díẹ̀díẹ̀, ó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó gbọ́ ọkàn wọn, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ó ní òtútù náà ti da ìlù ọkàn wọn rú, pé ó ti mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn tún ru sí i. Ó bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Àlàájà sọ fún un, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ta ló ní kí ẹ fi yìnyín sí wọn lára?"

Mo dúró síbẹ̀. Káàdì pólì ṣì wà lọ́rùn mi.

"Èmi ni," ni Àlàájà dáhùn. "Ẹja ni mò ń tà. Mo rò pé kò ní jẹ́ kó bàjẹ́."

Dókítà sọ̀rọ̀ sí wọn, ọ̀rọ̀ náà kò sì rọ̀. Ó ní wákàtí àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ, pé wọ́n ti fi wákàtí mẹ́rin ṣòfò sórí ẹní. Àlàájà ń tẹrí ba, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ má bínú." Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mi ò la ẹnu. Mo ń sọ fún ara mi pé kì í ṣe àkókò rẹ̀ nìyí, kí Àlàájì kọ́kọ́ yè ná. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gbé Àlàájì lọ sí Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti lè ya àwòrán inú orí. Àwòrán náà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ọ̀nà, pé iṣan kò bẹ́. Ọ̀nà tó dí yẹn ni wọ́n máa ń tètè ṣí bí wọ́n bá gbé aláìsàn dé lásìkò, níbi tí oògùn rẹ̀ bá wà. Ní ti Àlàájì, àsìkò náà ti kọjá.

Àkọ́bí wọn, obìnrin tó ń gbé ní Àbújá, dé ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìnyín, ó yọ ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ọ̀nà àbákọjá wọ́ọ̀dù, ó ń bá wọn wí. Kò pariwo. Ó ń bi wọ́n léraléra pé kí ló wọ orí wọn. Àwọn èèyàn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ń wò wọ́n. Àlàájà fi etí gèlè nu ojú, wọ́n tún ń sọ pé ẹja ni àwọn ń tà, pé àwọn kò mọ̀.

Mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo dìde.

"Èmi ni mo sọ fún wọn pé òtútù ń ṣọ́ ọpọlọ," ni mo wí. "Mo kà á níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ nípa ẹranko. Mi ò ṣàlàyé rẹ̀ tán."

Obìnrin náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ kàwé," ló sọ, ó sì wọ inú wọ́ọ̀dù lọ.

Èmi àti Àlàájà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n fà mí dìde. Wọ́n ní àwọn kò gbàgbé ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀, pé àwọn mọ̀ pé mi ò ní kí àwọn fi yìnyín sí ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ni àwọn bi mí, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Wọn kò sọ pé wọ́n dárí jì mí, mi ò sì béèrè.

Kí a tó kúrò ní Ìlọrin, mo bá dókítà àgbà kan tó jẹ́ obìnrin níbẹ̀, mo bi í pé ṣé Àlàájì ì bá sàn bí a bá tètè gbé wọn wá. Ó ní bóyá, pé òun kò lè búra. Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo kà kì í ṣe irọ́. Àwọn ọsibítù kan wà tí wọ́n ti ń lo òtútù fún ọmọ tuntun tí kò rí afẹ́fẹ́ tó nígbà ìbí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe é, díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní ti rọpárọsẹ̀, wọ́n ṣì ń wádìí. Ó ní bóyá lọ́jọ́ kan wọ́n á rí oògùn látara ẹ̀kọ́ àwọn ẹranko wọ̀nyẹn, tí wọ́n á máa fún èèyàn láti inú ọkọ̀ ọsibítù. Ó ní kí n máa kà á lọ, ṣùgbọ́n kí n mọ ẹni tí mò ń kà á sí létí.

Àlàájì kò kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n padà sílé. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbé mọ́. Ẹsẹ̀ ń gbìyànjú, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó ń já gaara lẹ́nu wọn: "ilẹ̀kùn." Bí wọ́n bá fẹ́ omi, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wí. Bí wọ́n bá fẹ́ kírun, ilẹ̀kùn. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ sọ nìyẹn. Mo máa ń rí i lójú wọn bí ọ̀rọ̀ náà bá ti jáde, wọ́n á pa ẹnu dé, wọ́n á wo ilẹ̀. Ẹlòmíràn ló parí iṣẹ́ Ẹ̀rìn-Ilé.

Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, Àlàájà ní kí n wá bá àwọn obìnrin àsàlátù wọn sọ̀rọ̀ nípa àmì rọpárọsẹ̀. Mo mú nọ́ọ̀sì kan dání. Mo sọ ọ́ ní ṣókí: bí ẹnu bá wọ́, bí apá bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, ọsibítù ni kíá, bó tilẹ̀ ti lọ fúnra rẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ padà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan sọ ọ́ dáadáa. Obìnrin àgbà kan ní mo sọ pé bí apá bá rọ, kí wọ́n kọ́kọ́ dúró wò ó bóyá ó máa lọ. Mo tún un sọ. Ó tún sọ bákan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la ṣe é, mo sì ń làágùn.

Nọ́ọ̀sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tó kan Àlàájà, ó wọn ọ́n, ó tú okùn ẹ̀rọ náà lápá wọn, ó tún un so, ó tún un wọn. Èmi ló gbójú sókè wò.

Àlàájà bi í pé kí ni ẹ̀rọ wí. Nọ́ọ̀sì ní ó yẹ kí wọ́n rí dókítà lónìí. Wọ́n ní àwọn ti yọ ẹja sílẹ̀ kó máa yọ́, oníbàárà ń dúró, pé ó di ọ̀la. Wọ́n fẹ́ dìde, wọ́n sì fi ọwọ́ di ògiri mú díẹ̀ kí wọ́n tó lè dúró dáadáa.

Mi ò bá wọn jiyàn. Mo gbé báàgì wọn, mo di apá wọn mú, mo ní kí nọ́ọ̀sì lọ pe takisí.